Ìkìlọ̀ Tí Kò Sí Lórí Ìwé Sàlàkọ́

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé òkú yìí pamọ́. Ó ti rùn jù fún mi. Kì í ṣe Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ ló pa Sàlàkọ́. Èmi ni.

Lọ́dún 1985, èmi ni mo ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìwòsàn wa ní Ṣakí ń tẹ̀ lé. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà káàdì aláìsàn sí i, á tẹ ìwé kan jáde fún nọ́ọ̀sì. Ìlà tó kẹ́yìn nínú àṣẹ náà ló ń tẹ ìkìlọ̀, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí ara onítọ̀hún kọ̀. Ọ̀gá mi, Bàbá Cornelius, ọmọ Ìsẹ́yìn, kò fẹ́ kí àṣẹ kankan ní ju ibi ìjáde kan lọ, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa parí iṣẹ́ náà.

"Ní agbo ilé wa, ẹnu ọ̀nà kan la ní. Ẹni tó bá ń jáde, iwájú baálé ló máa gbà. Ìwọ Adégbénró, ògiri ẹ̀yìnkùlé lò ń fò kiri."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹni tó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Ó dáa, ọ̀mọ̀wé. Ewúrẹ́ á gba ibẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan."

Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, mo kọ ọ́ báyìí: bí káàdì bá ti jẹ́ ti àtijọ́, tí a ti kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, jáde. Ó yá kánkán, ó dùn ún wò. Èmi òmùgọ̀ kò rántí pé kọ̀ǹpútà á ti jáde kó tó dé ìlà tó kẹ́yìn, tó ń tẹ ìkìlọ̀. Sàlàkọ́, àgbẹ̀ oníṣu láti Òkaka, dé pẹ̀lú ọgbẹ́ àdá lẹ́sẹ̀ àti káàdì àtijọ́ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ ka ìwé rẹ̀, ó gún un ní pẹnisílíìnì. "Nọ́ọ̀sì, àyà mi ń há," ló sọ. Kò dìde lórí bẹ́ǹṣì náà mọ́.

Kí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ wádìí ikú rẹ̀ tó jókòó, mo ti rí àṣìṣe mi. Mo tún àṣẹ náà kọ, mo tẹ ìwé Sàlàkọ́ lọ́tun, ìkìlọ̀ pé ara rẹ̀ kọ pẹnisílíìnì hàn gbangba. Òun ni mo fi sínú fáìlì. Mo ya ti àkọ́kọ́.

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀yin ọ̀gá," ni Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ ń sọ, "n ò rí ìkìlọ̀ kankan."

Wọ́n bi mí. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ẹnu mi yìí! Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo bá a ní Kísí níbi tó ti ń pa ẹ̀pà. Kò bú mi. Ó ní, "Adégbénró, ìwọ tó o mọ̀wé, bá mi sọ ọ́. Ṣé ojú mi ló fọ́ lọ́jọ́ yẹn ni?" Mo dìde, mo lọ. Mo tún fo ògiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ jáde níbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nínú ilé. Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Ẹ forí jì mí. Ojú yín kò fọ́, mà. Kò sí ìkìlọ̀ lórí ìwé náà.