Bọ́tìnnì Tí Kò Béèrè Ẹni Tó Tẹ̀ Ẹ́

Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa pè mí. Yàrá tí mo wà kò fẹ̀ tó ibi tí ìyá mi ń sá gbágùúdá sí. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ìwé àti bírò, wọ́n sì fún mi, kí n lè kọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí mo pa kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọmọ Ìlobù ni mí. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan, mo sì ń fi fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Lójú ara mi, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi nílùú. Múkáílà, ọmọ Ìfọ́n, mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n oníwà pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo.

Lákòókò yẹn, àwọn olè ń da àwọn àgbẹ̀ láàmú. Ni àwọn ará Ìlobù àti Ìfọ́n tí oko wọn pààlà bá dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ oko sílẹ̀, wọ́n sì fi Bàbá Làmídì, àgbà ọdẹ, ṣe olórí. Bàbá ní òfin kan tí kò gba àwáwí lórí rẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pariwo olè títí ẹni méjì yóò fi fojú ara wọn rí i, kí wọ́n sì sọ ọ́ níwájú òun.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ohun tí yóò máa ta gbogbo ẹ̀ṣọ́ lólobó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ṣe ojú ewé kan sórí ayélujára, mo fi bọ́tìnnì pupa sí i. Bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀ kò lágbára kankan. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan lọ́nà jíjìn, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní sáfà. Ibẹ̀ ni kóòdù mi wà. Òun ló máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹ̀ṣọ́, á sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ fúnra rẹ̀: "Ẹni méjì ti fojú rí i." Bàbá ló ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣe bọ́tìnnì kejì, aláwọ̀ ewé, tí yóò máa sọ pé: "Ẹ dáwọ́ dúró, àṣìṣe ni."

Orí fóònù Bàbá nìkan ni bọ́tìnnì pupa ti ń hàn, lẹ́yìn tí ẹlẹ́rìí méjì bá ti tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wọn; torí pé òun ló ń tẹ̀ ẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ náà kì í dé orí fóònù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé nìkan ni mo fi ìdènà yẹn sí. Mi ò kọ ọ́ sínú kóòdù tó wà lórí sáfà pé kó béèrè ẹni tó ń pè é. Ẹni tó bá ti mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lè pè é láti ibikíbi, á sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nígbà tí mo rí i, mo ní màá tún un ṣe lọ́la.

Kí lọ́la tó dé, ewúrẹ́ ìyá mi sọnù. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo pe kóòdù náà, mo ní wọ́n jí ewúrẹ́ dúdú kan gbé. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti fà á wá fún wa.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé ọ ga," ni ìyá mi wí.

Ó dùn mọ́ mi nínú. Mi ò tún un ṣe mọ́.

Kò pẹ́ ni Bàbá sọ pé àwọn àgbẹ̀ ìlú mìíràn fẹ́ kí n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn náà. Ọjọ́ Sátidé ni òun máa mú mi lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, Múkáílà wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun náà wà nínú ẹ̀ṣọ́.

"Ọ̀rẹ́, mo wo iṣẹ́ rẹ. Sáfà yẹn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Ta ni ẹlẹ́rìí méjì tó rí olè ewúrẹ́ yẹn?"

"Ewúrẹ́ lásán lo wá ń bi mí léèrè?"

"Lónìí ewúrẹ́ ni. Jẹ́ ká lọ sọ fún Bàbá."

"Dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Rárá o. Tí mo bá kírun Jímọ̀ tán lọ́la, mò ń bọ̀. Tí o ò bá sọ, èmi á sọ."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí pé òun ti ń gbéra ní Ìfọ́n. Mo ní kó máa bọ̀. Mo wá kọ ọ́ pé olè kan ń bọ̀ láti Ìfọ́n lórí ọ̀kadà pupa, pé ó gbé báàgì dúdú kọ́rùn, pé ìbọn wà nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀. Mo ń tan ara mi pé wọ́n kàn máa lù ú ni, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ mọ́. Mo fi ránṣẹ́. Kóòdù mi sì fi gbólóhùn rẹ̀ parí rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà dé orí fóònù Múkáílà fúnra rẹ̀. Ó pè mí, mi ò gbé e. Ó tún pè, mo gbé e.

"Ọ̀rẹ́, èmi ni wọ́n ń sọ yìí o! Dá wọn dúró! Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn!"

"Mi ò gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," ni mo wí, mo sì pa fóònù.

Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé wà níwájú mi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ránṣẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Múkáílà na báàgì sókè kí wọ́n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀; wọn ò dá a mọ̀ láti òkèèrè, wọ́n rò pé ìbọn ló fẹ́ yọ, ni wọ́n bá yìnbọn fún un.

Àkọsílẹ̀ orí sáfà, tó fi hàn pé kọ̀ǹpútà mi ni iṣẹ́ náà ti wá, ló tú mi fó. Ní ilé ẹjọ́, Bàbá Làmídì sunkún bí ọmọdé. Ó ní tí kì í bá ṣe gbólóhùn "ẹni méjì ti fojú rí i" yẹn, àwọn ọmọ òun ì bá ti dá ọ̀kadà náà dúró kí wọ́n bi í léèrè. Ìyá Múkáílà kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi pè ọ́. Kí ló sọ fún ọ?" Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti kọ ìdáhùn rẹ̀ síhìn-ín báyìí. Èmi ló ké pè kí n gba òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá rí àléébù nínú iṣẹ́ yín ni kí ẹ sọ ọ́, kí wọ́n bú yín, kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì lọ sùn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà láti ìgbà tí mo pa fóònù títí tí mo fi gbọ́ ìró ìbọn láti ọ̀nà Ìfọ́n. Mo ń wo aago lójú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni mo lè fi gbà á, mo sì jókòó.