Wọ́n So Tèmiyemí Mọ́ Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ajá ni mò ń sunkún. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín sẹ́yìn ilé wa ní Ayétòrò níbí, èmi àti ọkọ mi kò tíì jọ jẹun. Bó bá wọ pálọ̀, màá bọ́ síta ni.

Ọdún tí ọmọ wa kan ṣoṣo lọ sílé ọkọ, tí ilé wá pa lọ́lọ́, ni mo gbé ajá náà wálé, mo sọ ọ́ ní Tèmiyemí. Ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Á gbẹ́lẹ̀, á họ ilẹ̀kùn, á gbó títí àwọn ará ilé kejì á fi máa kùn. Ìgbà tó yé mi pé eré ló ń wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sí pápá ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, láàárọ̀ kùtùkùtù. Màá ju bọ́ọ̀lù, á sáré lọ gbé e wá. Màá fi í pamọ́ sábẹ́ ìró, á máa fimú wá a kiri ara mi. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, èmi tí orí mi ti ń funfun! Bí a bá délé, á mumi, á sùn gbalaja sẹ́nu ọ̀nà. Ta ló tún gbọ́ gbígbó rẹ̀?

Àfi bí àǹtí mi ṣe kú l'Ọ́jà-Ọ̀dàn. Mo ní láti lọ sìnkú. Mo bẹ ọkọ mi pé, "Bàbá Ṣadé, ẹ bá mi máa mú un jáde láàárọ̀. Bí ẹ ò bá ráyè, ẹ bá a ṣeré nínú ọgbà. Ẹ ṣáà má so ó o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣadé, ṣé ajá là ń sọ ni àbí ọmọ? Máa lọ jàre."

Nígbà tí mo padà dé, mo pe ajá mi lẹ́nu géètì, n kò gbúròó rẹ̀. Ọkọ mi jókòó ní pálọ̀, ó doríkodò. "Mo so ó ni, Ìyá Ṣadé. Ó ń gbó, àwọn èèyàn ń pariwo lé mi lórí. Mo so ó mọ́ igi ọsàn, mo lọ síbi iṣẹ́." Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni igi ọsàn yẹn wà. Tèmiyemí, tí kò tíì sáré láti ìgbà tí mo ti lọ, fo ògiri náà, ṣéènì ò sì gùn tó. Ó rọ̀ sódì kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Òkú rẹ̀ ni ọkọ mi bá. Háà!

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Èmi ò rí ẹ̀rín kankan rín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa sáré, ẹ máa bá a ṣeré, ẹ má sì so ó síbi tó ti lè fo nǹkan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi lọ sí Ìpókíá, ó gbé ọmọ ajá kan bọ̀ nínú páálí. N kò wò ó. Àárọ̀ àná ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá Ṣadé ni, tí eékún ń dùn ún, tí kì í fẹsẹ̀ rìn dé ìsọ̀ oníbúrẹ́dì! Ó ń sáré yí ọgbà ká, ọmọ ajá ń lé e, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo di ilẹ̀kùn mú, mo fẹ́ jáde lọ bá a, mo tún padà jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti dárí ji ẹni yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?