Èmi Ni Mo Fọ́ Ìkòkò Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ tó fẹ́ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé mo rí obìnrin tí mo ṣẹ̀ lọ́jà Ìpótì lóṣù tó kọjá, ó sì dì mọ́ mi.

Ihò kan wà nínú òkè lẹ́yìn ìlú wa, lápá Ẹfọ̀n. Òkúta inú rẹ̀ funfun bí ẹfun, omi a sì máa kán láti òkè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn òun òjò. Ìyá mi ni àwòrò tó ń bọ ọ́. Obìnrin tó bá ń wá ọmọ yóò gbé ìkòkò kékeré tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ ilé ọkọ wá sábẹ́ omi náà. Kò gbọdọ̀ padà wá wò ó. Bí ìkòkò bá kún, ìyá mi á ránṣẹ́ pè é kó wá mu omi rẹ̀. Bí ó bá fọ́ kó tó kún, ihò ti kọ̀ nìyẹn, kò sì sí pé a ń gbé òmíràn wá.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àṣàkẹ́, gbé tirẹ̀ wá. Ọmọ Ìlógbò ni. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ, nítorí náà Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Èmi náà kì í sì í pa ẹnu dé nígbà yẹn.

Àwọn àlejò tó bá wá wo omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì a máa yà wá wo ihò wa. Èmi tí mo ń lọ sẹ́kọ́ńdìrì ni mo máa ń mú wọn wọlé, tí mo ń fi òyìnbó àmúlùmálà mi yangàn. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n gbé ìkòkò kan rù kí n rẹ́rìn-ín, kí fọ́tò lè dùn ún wò. Ti Àṣàkẹ́ ló sún mọ́ mi jù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Mo mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní í purọ́ fún yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ya fọ́tò mi rí. Mo gbé e rù, mo la eyín sílẹ̀. Wọ́n yà á tán, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí òkúta tútù. Ó fọ́.

Àwọn àlejò bẹ̀ mí, wọ́n lọ. Fọ́tò náà, n kò fojú kàn án títí dòní. Mo ṣa àfọ́kù jọ síbi tí ìkòkò wà tẹ́lẹ̀, mo lọ bá ìyá mi. Mo ní, "Yèyé, ùkòkò Àṣàkẹ́ ti fọ́ o." Mo rò pé wọn yóò bi mí léèrè. Wọn ò bi mí. Ta ni yóò rò pé ọmọ ẹni tó ń bọ ihò yóò fọwọ́ kan ìkòkò? Wọ́n kàn jókòó, wọ́n káwọ́ lérí.

"Uhò ti kọ̀," ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lé Àṣàkẹ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ò lè jẹ́ kí ọmọkùnrin dáadáa kú láìlọ́mọ nítorí òun. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ dé ibi tó ti wọkọ̀. Mo ń sunkún, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. "Ọkọ mi, má sunkún mọ́, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi." Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Èmi ò lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹlòmíràn, ó bímọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàìsàn ikú, Àṣàkẹ́ ló ń pè. Èmi ni mo jókòó tì í, n kò sì sọ fún òun náà. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Lọ́jà Ìpótì, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́: "Eyínfúnjowó! Ṣé eyín ọ̀hún ṣì wà?" Orí rẹ̀ ti funfun. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tún lọ́kọ. Àwọn ọkùnrin wá, òun kọ̀ fún wọn, nítorí kò dáa kí òun tún lọ ba ayé ọmọ ẹlòmíràn jẹ́. "Uhò ti sọ tirẹ̀," ló wí. "Mi ò bá a jà." Ó wá ra ọsàn fún àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dákẹ́, olè ni mí títí n óò fi kú. Bí mo bá sì lọ, n óò jókòó níwájú arúgbó, n óò sọ fún un pé kò sí ohun tó kọ̀ ọ́ rárá, pé ìkòkò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ọjọ́ ọjà tó tún pé. Ó ní òun yóò máa wo ọ̀nà mi.