Òyìnbó Tí Kì Í Ṣẹ́ Oúnjẹ Kù

Ẹ yin Olúwa! Ẹ jẹ́ kí n fara ti àga yìí sọ ọ́, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sí mi lọ́wọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá Fúnmi, ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà. Ó kọ́ èdè kan nínú ìwé, Esperánto ni wọ́n ń pè é, èdè tí kì í ṣe ti ìlú kankan. Àwọn tó ń sọ ọ́ káàkiri ayé máa ń gba ara wọn sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá Fúnmi fún wọn ní àdírẹ́sì wa n'Ìlọrà níbí, kò bi mí. Àtìgbà náà ni òyìnbó ti ń gbẹ́rù pọ̀n wá sílé wa. Èmi ni mò ń pọnmi, èmi ni mò ń gúnyán. Bàbá Fúnmi ń sọ Esperánto.

Èyí tó dé gbẹ̀yìn ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi pe ọkọ mi sí kọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn. Ó ku èmi àti òyìnbó. Kò gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò yé e.

Ẹ sáà mọ̀ pé àlejò tó bá yó a máa ṣẹ́ díẹ̀ kù. Èyí ń gbá àwo mọ́ ni! Mo ní ebi ṣì ń pa á, mo bu òmíràn fún un. Ó wo iyán, ó wò mí, ó tún jẹ ẹ́ tán. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, títí ọ̀sán ọjọ́ kan tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń yí gbirigbiri lórí ẹní. Àlàájà, àgbà ilé kejì, sáré wọlé.

"Ìyá Fúnmi, kí lo fún un jẹ?"

Háà! Ẹ̀rù bà mí. Bó bá kú, ta ló máa gbà pé iyán lásán ni?

Mo kúnlẹ̀. Mi ò lágbára àdúrà gígùn. Mo ní, "Olúwa, ó ti rẹ̀ mí, má jẹ̀ẹ́ kó kú." Àlàájà náà ń gba tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí a tó ṣàmín, òyìnbó dìde, ó bì! Ó bì sí ẹní, ó bì sí mi lára. Halelúyà! Mo fọ̀ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Bàbá Fúnmi dé, ó bi í léèrè. Òyìnbó ní lọ́dọ̀ tiwọn, àlejò tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù ti bú ìyá ilé. Nítorí kó má baà bú mi ló ṣe fẹ́ kú!

Ó ti padà lọ sílùú rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó níyá níbì kan tí mi ò mọ̀, obìnrin náà ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìlọrà. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá ìyá náà jó ijó ọpẹ́. Kò mọ̀ pé ó yẹ kóun jó.