Irọ́ tí mo pa mọ́ àwọn àkèré Bísọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ìyá àgbà ni mí, ní Ìwáyà. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí mo ṣe kọ ọ́, ohun tí mo ń sọ ni kí ẹ wò. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún tó kọjá. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta wàyí, torí oṣù tó ń bọ̀ ni Bísọ́lá, ọmọ ọmọ mi, fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo fà á, kò sì mọ̀.

Kí n tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Inú yàrá kan náà la jọ ń gbé, ní ilé ẹbí ọkọ mi. Omi ìwẹ̀ mi kì í tutù. Tí mo bá sọ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mẹta, á tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ sókè òkun ló fi àkèré mẹ́rin sílẹ̀ fún un, nínú àpótí gíláàsì. Wọn ò ju àtàǹpàkò lọ. Àwọ̀ wọn dà bí aró tó jinná, àmì dúdú sì wà lára wọn káàkiri. Bísọ́lá ní àkèré olóró ni wọ́n ń pè wọ́n, pé irú wọn kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ ń fi oró rẹ̀ sẹ́nu ọfà.

Mo ní, "Bísọ́lá, ṣé o fẹ́ tètè sin mí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, èèrà àti kòkòrò igbó tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún ló ń di oró lára wọn. Inú gíláàsì ni wọ́n bí àwọn wọ̀nyí sí. Kòkòrò ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Kò sí oró kankan lára wọn. Ọwọ́ tiwa gan-an ló léwu fún wọn, torí iyọ̀ àti ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ wa máa ń wọ inú awọ wọn."

Ó yé mi dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ibẹ̀ yẹn dání: ó yé mi.

Mo tiẹ̀ di ẹni tó ń tọ́jú wọn tí Bísọ́lá bá ti lọ sí iléèwé tó ti ń kọ́ni. Èmi ni mò ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà sínú ìgò kí kòkòrò wínníwínní lè kún un. Omi òjò ni mò ń gbè fún wọn, torí omi ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn sí kò bá wọn lára mu. Màá wá fi ike tí a fi ń fọ́n omi sí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀ fọ́n ọn sí wọn. Tí wọ́n bá rí kòkòrò, ìka ẹsẹ̀ wọn á máa lu ilẹ̀ wìrìwìrì kí wọ́n tó hán an. Mo lè wo ìyẹn títí ọ̀sán á fi pọ́n.

Àbúrò ọkọ mi kan wà tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀. Kí n tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti bí i, torí náà ìyàwó rẹ̀ ni mo jẹ́ títí dòní, pẹ̀lú ewú orí mi. Adúmáadán ni mò ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ló ti fẹ́ fi yàrá mi ṣe ilé ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ó mú téèpù tí káfíńtà fi ń wọn igi wọlé, ó ń wọn ògiri, èmi sì jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ ká ẹsẹ̀ yín díẹ̀."

Ló bá rí àwọn àkèré, ó na ọwọ́ sí ìdérí gíláàsì. Mo ní, "Adúmáadán, ẹ rọra o! Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìyẹn kì í jẹ oúnjẹ alẹ́."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó lọ bi Bísọ́lá bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Kò dúró ká téèpù rẹ̀. Kò sì wọ yàrá mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àkèré náà. Wọ́n gba òrùlé fún mi, wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró sẹ́nu Adúmáadán. Gbogbo àdúgbò gbọ́ pé Bísọ́lá ń sin oró. Bẹ́ẹ̀ ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́, nínú àgbàlá wa. Ọ̀kan lọ, èkejì tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá wọn kò sọ ìdí. Eléyìí á ní ara ọmọ ò yá, tọ̀hún á ní àwọn fẹ́ rìnrìn-àjò.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Bísọ́lá rò? Ó rò pé òun ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, bóyá n ò ní ẹ̀bùn ẹ̀." Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo ní kó má sunkún. N ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: níbo ni arúgbó bí èmi fẹ́ kó ẹrù lọ? Ní báyìí, ó ti gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ní Sábó, oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Fàrídà, tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà wa, nìkan ni kò yọ ọmọ tiẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá mi níbi tí mo ti ń kó ewé gbígbẹ kúrò nínú gíláàsì.

Ó ní, "Màmá, ojoojúmọ́ ni ẹ ń ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń pa èèyàn ni, ṣé a ò ti jẹ sàárà yín tipẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, àbí?"

Mo tẹjú mọ́ ewé gbígbẹ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "N ò ní sọ fún Bísọ́lá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Mo rò ó pé kí n pe àwọn èèyàn jọ, kí n gbé àkèré kan sí àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n rí i pé n ò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi á pa á lára, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu nìkan ló kù tí mo lè fi tún un ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ fún Bísọ́lá nìkan, mo mọ ọmọ mi. Á dì mọ́ mi, á dárí jì mí, á sì ní kí n má sọ ọ́ síta, kí wọ́n má baà gba yàrá lọ́wọ́ mi. Mo sì mọ ara mi. Màá gbọ́ tiẹ̀. Ṣé kí n kúkú pe gbogbo ilé jọ, pẹ̀lú Adúmáadán, kí n sọ ọ́ kí Bísọ́lá tó ráyè dá mi dúró?