Mẹ́sàn-án Ọjọ́rú, Méje Ọjọ́bọ̀

Ẹnu Bàbá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ibòmíràn ni. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, mo ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé, Bàbá yọ sí ẹnu ọ̀nà, fóònù wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, àwọn panápaná pè. Akọ̀wé wọn ní ìdánwò rẹ di ọjọ́ mẹ́wàá sí òní." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n na ìka wọn sókè, wọ́n kà á fún mi: òní lọ́kan, ọ̀la léjì, ọ̀túnla lẹ́ta, títí ìka fi tán. Ìka kẹwàá bọ́ sí Ọjọ́rú. Mo ní, ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ò rí nǹkan? Èmi náà tún dúpẹ́!

Mo mọ̀ pé Bàbá ló ní kí ẹ wá. Wọ́n ti sọ fún yín pé ìyàwó àbúrò yín ń fajú ro, pé kò bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣé mi ò kí wọn láàárọ̀ ni? Ṣé oúnjẹ wọn pẹ́ lọ́jọ́ kan ni? Omi ìwẹ̀ wọn ńkọ́, ta ló ń gbé e kaná? Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí wọ eegun. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ọwọ́ méjèèjì ló ń dùn mí báyìí, n kò ní èyí tí n ó fi júwe ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ wọn mọ̀ jù mí lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi kọ́ ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n lórúkọ mọ́, Tíṣà Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n títí dòní. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ kúrò nílé ìfọṣọ, pé ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn, tí ooru omi gbígbóná ń bó mi lójú, pé iṣẹ́ panápaná ni mo fẹ́ wọ̀, àbúrò yín rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ni, mi ò bínú sí i, awakọ̀ ẹrù ni, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ń rí i nílé, kí ni yóò mọ̀? Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ní kí o fa ara rẹ sókè lórí irin?" Mo ní, mẹ́jọ. Wọ́n ní, "O lè fa mélòó?" Mo ní, mi ò fà á rí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti pe wẹ́dà, ó ri òpó irin méjì mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó fi páìpù dábùú wọn. Mi ò lè sẹ́ ẹ, Bàbá ṣe é fún mi. Oore ni. Ìyẹn gan-an ló tún ń dùn mí, torí ẹni tí kò ṣe ọ́ lóore rí, bó bá ṣẹ̀ ọ́, wàá bú u, wàá sì sinmi.

Oṣù kọkànlá la bẹ̀rẹ̀. Odindi oṣù kan, ká rọ̀ ṣáá ni. Wọ́n á ní kí n di irin mú, kí n má ṣe nǹkan kan, kí n sáà rọ̀ dirodiro bí aṣọ tútù, wọ́n á máa kà á, ogún, ọgbọ̀n, ogójì, títí ọwọ́ mi á fi já. Lẹ́yìn náà, ó kan àpótí. N ó gun àpótí, n ó fò gbé àgbọ̀n mi kọjá irin, n ó wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. "Má já lulẹ̀ o! Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń kọ́ apá ní gígun òkè!" Wọ́n gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n so ó mọ́ irin, mo fi orúnkún lé e kó máa gbé mi sókè. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ni mo fa ẹyọ kan láìsí rọ́bà, láìsí àpótí. Ẹyọ kan péré, Ẹ̀gbọ́n mi! Mo sunkún. Bàbá fun fèrè títí ajá ilé kejì fi ń gbó.

Nígbà tó di oṣù kejì, mo ti ń fa mẹ́rin. Mo wá há sórí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo ní kí n máa fà á títí apá á fi kú, Bàbá ní rárá. "Bí o bá lè fa mẹ́rin, fa méjì. Sinmi. Fa méjì. Sinmi. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, kí o sì lọ wẹ̀. Apá tó ń gbọ̀n kò kọ́ nǹkan kan." Mo rò pé àwàdà ni. Kí oṣù kẹta tó parí, mẹ́rin ti di mẹ́fà. Òfin kan ṣoṣo ló wà tí wọn ò gbà kí n rú, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, ẹ jáde kí ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀: ISAN TÍ O LÒ LÓNÌÍ, JẸ́ KÓ SÙN LỌ́LA. Ta ló kọ ọ́? Ṣé èmi ni? Wọ́n tiẹ̀ gbàgbé láti fi àmì sábẹ́ iṣan, tíṣà náà ni wọ́n!

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, mo fa mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ ni wọ́n ń béèrè, mo ní ẹyọ kan lé. Ọjọ́ kejì rẹ̀ mo sinmi, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ìpè wọlé sórí fóònù Bàbá, torí fóònù tèmi ti já sínú omi nílé ìfọṣọ, nọ́ńbà wọn ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ó wá di Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún. A dé ọgbà ìdánwò kí agogo mẹ́jọ tó lù. Ọgbà dákẹ́. Irin wà níbẹ̀, ó ń dán, kò sí ẹ̀dá kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì ní, "Ìyá, ọ̀la ni o." Bàbá ní kò lè jẹ́ ọ̀la. Ọ̀gbẹ́ni yẹn tẹ akọ̀wé láago, akọ̀wé ní ọ̀la ni, òun sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá sí òní. Bàbá gba fóònù. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n rò fún ọmọ ọlọ́mọ! "Akọ̀wé, bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ wo là ń pè ní ìjẹta? Ṣé kì í ṣe ọjọ́ Ajé? Kà á kí n gbọ́. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Mélòó nìyẹn? Bí mo bá ní kí o wá ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, ṣé kì í ṣe Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wàá wá? Ta ló wá kọ́ ọ pé kí o máa yọ òní kúrò nínú ọjọ́?" Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kọ̀ǹpútà ló kà á." Bàbá ní, "Ṣé kọ̀ǹpútà ló bí ọ ni?"

Èmi ò bá wọn jiyàn lórí kíkà, Ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, bí a ṣe ń kà á nílé nìyẹn, bí ìyá mi náà ṣe ń kà á nìyẹn. Kò pa wá lára, ṣebí a tètè dé ni? Ẹni tó tètè dé á padà sílé, á jẹun, á sùn, á sì tún wá lọ́la. Kí wá ni kò jẹ́ ká padà?

Ojú ló ti Bàbá níwájú ọ̀gbẹ́ni géètì! Kò sí nǹkan míì. Wọ́n ní, "A ò lè wá lásán. Irin rèé. Gùn ún, kí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n." Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sinmi dọjọ́ ìdánwò. Wọ́n ní, "Ẹyọ méjì péré." Mo di irin mú. Mo fa méjì. Mo fẹ́ sọ̀, wọ́n fun fèrè sí mi létí! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà mọ fèrè yẹn, oṣù mẹ́fà ni ó fi ń pàṣẹ fún apá mi, apá ò mọ̀ pé ọjọ́ ti yí padà. Mo fa mẹ́ta, mo fa mẹ́rin, ọ̀gbẹ́ni géètì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, Bàbá ń sọ fún un pé, "Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo kọ́ ọ!" Mo fa mẹ́sàn-án. Mo sọ̀. Mo rò pé ó tán. Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ kí n tún un fà, kí ọ̀gbẹ́ni yẹn lè fi fóònù rẹ̀ ya fọ́tò mi. Mo tún fa mẹ́fà! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀, mo ná an tán pátá fún géètì!

Ṣé kí n máa sọ ti Ọjọ́bọ̀? Kí ni n ó sọ? Láàárọ̀, mi ò lè gbé apá sókè fi ya irun mi. A tò sórí ìlà, obìnrin mọ́kànlá. Ọmọdébìnrin kan wà níwájú mi, ó fa méjìlá bí ẹni ń mu omi. Ó kàn mí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹrin ti wúwo. Nígbà tí mo fa méje, apá mi ń gbọ̀n bí ewé. Ìkẹjọ, mo dé ìdajì, mo dé imú, mo ń wo irin báyìí, ó wà níwájú ojú mi gan-an, àgbọ̀n mi kọ̀, kò kọjá rẹ̀. Mo rọ̀ síbẹ̀. Olùdánwò ò pariwo, kò fajú ro, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. "Méje. Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹni tó kàn!"

Bàbá bá mi gbé àpò mi títí a fi délé. Ìyẹn ò burú. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá ti gbójú fò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí mo gbọ́ ohùn Bàbá nínú ibẹ̀. Kí ni wọ́n ń sọ? "Ó kù díẹ̀ fún un. Ìyàwó wa kò sinmi tó ni. Mo sọ fún un. Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn."

Èmi! Èmi ni kò sinmi tó! Ẹ̀gbọ́n mi, mo dì mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kejì wọ́n sọ ọ́ fún oníbúrẹ́dì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n sọ ọ́ fún àbúrò yín nígbà tó dé, àbúrò yín wá bá mi nínú yàrá, ó ní, "Kí ló dé tí o ò sinmi?" Ẹ wò ó, mo kàn jókòó sórí ibùsùn. Mi ò lè pe bàbá ọkọ mi ní òpùrọ́. Ẹnu mi ò gbà á, ẹnu yín náà ò gbà á. Mo sáà sùn. Lọ́jọ́ Ajé mo padà sílé ìfọṣọ, aṣọ ibùsùn kún ilẹ̀ dé orúnkún, bí wọ́n ṣe máa ń wà.

Ẹ̀ẹ́n? Kí ni mo fẹ́? Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí, ẹnikẹ́ni ò bi mí láti ọjọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kí Bàbá bẹ̀ mí, ta ni mí tí àgbàlagbà á máa bẹ̀? Èmi ni mo fa mẹ́sàn-án, Bàbá ló fà á tí mo fi fa méje. Kí wọ́n sáà fẹnu ara wọn sọ ọ́: "Èmi ni mo fà á." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ èkejì.

Kí lẹ wí?

Ta ló lọ síbẹ̀? Láàárọ̀ yìí? Mo rí i pé wọ́n wọ bàtà dúdú wọn, mo rò pé ilé onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá panápaná gan-an? Wọ́n dé iwájú tábìlì rẹ̀? Wọ́n wá sọ kí ni?

Wọ́n ní, "Èmi ni mo fà á"?

Ẹ dúró ná. Ẹ dúró, kí ni ọ̀gá fi dá wọn lóhùn? Hẹ̀ẹ́! Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà á? Mélòó lẹ fà?" Yéè! Ọlọ́run mi o! Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ọ̀gá rò pé wọ́n wá forúkọ sílẹ̀ ni! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ìhà mi ṣì ń dùn mí. Bàbá wá ṣe báwo? Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀? Ti géètì náà? Ti mẹ́fà tó gbẹ̀yìn náà? Wọ́n sọ ọ́?

Wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀gá ò gbà á, àbí? Mo mọ̀. Òfin ni òfin. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tún máa dán wa wò. Oṣù mẹ́fà aṣọ ibùsùn sí i. Ó dáa. Kò dáa, àmọ́ ó dáa. Mo ní apá tó mọ ọ̀nà, mi ò tún ní bẹ̀rẹ̀ láti orí rírọ̀.

Níbo ni Bàbá wà báyìí? Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀? Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú? Áà. Ẹ bá mi ránṣẹ́ pè wọ́n, Ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n wá jẹun, ọ̀sán ti pọ̀n. Ẹ sì sọ fún wọn pé bí akọ̀wé bá tún pè, kí wọ́n má gba iye ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ọjọ́ ni kí wọ́n gbà. Ìjà tán. Lónìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún.