Aṣọ Tí Ìyá Mi Kò Rí

Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti yàrá kan sí òmíràn láìta wáyà, ìtàn kan wà tí ẹ máa ń sọ nípa mi nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ẹ máa ń sọ pé ọ̀gá yín, Aláìníwáyà, ló jẹ́ kí ìyá kan tó wà lórí àìsàn rí ọmọ rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọmọ náà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní òdìkejì títì. Mo ti gbọ́ ìtàn náà títí, ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi gbà á gbọ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Èmi akólòlò fẹ́ pè é lónìí. Ìtàn yẹn kì í ṣe òótọ́. Ìyá tí ẹ ń sọ yẹn ni ìyá tó bí mi, ọmọ yẹn sì ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ohun tí mo fi han ìyá mi lọ́jọ́ náà kọ́ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bu iyọ̀ sí i.

Aránṣọ ni ìyá mi. Ìsàlẹ̀ ilé wa, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà nísinsìnyí, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà nígbà náà. Látìgbà tí àbúrò mi ti wà ní kékeré ni wọ́n ti pinnu pé òun ló máa jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ náà lẹ́yìn wọn. Àbúrò mi ní ìwé lòun máa kà, olùkọ́ lòun máa ṣe. Ìyá mi ní ẹni tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun, kó má ṣe wẹ̀yìn. Ọmọ náà jáde, kò sì wẹ̀yìn. Olórí kunkun ni àwọn méjèèjì, ẹ ò lè mọ èyí tó kọ́ èkejì. Ọdún ń gorí ọdún, wọn ò fojú kan ara wọn. Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀, mo sì máa ń yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kí n tó jíṣẹ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àbúrò mi wá sí ilé-ìwé tó dojú kọ ilé wa gan-an pé kó wá ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Àìsàn ọkàn ti dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà náà, dókítà sì ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á rán díẹ̀, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún rán díẹ̀, títí wọ́n fi parí aṣọ kan, aláwọ̀ ewé, tó ní ọrùn funfun. Wọ́n ní kí n gbé e lọ fún un. “Má bá a rojọ́ kankan o. Bó bá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ayẹyẹ tí wọ́n á fi í ṣe ọ̀gá, á jẹ́ pé ó ti dárí jì mí. Bí kò bá wọ̀ ọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀ náà.” Àbúrò mi gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó tú u wò, ó ká a padà. Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.” Ohun tó kù ni kí ìyá mi fojú ara wọn rí i.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà yẹn: tiransímítà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, risífà kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀kan ń rán àwòrán, èkejì ń gbà á, kò sí wáyà láàárín wọn, wọn ò sì nílò íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti fi wọ́n yangàn káàkiri àdúgbò débi pé orúkọ tí wọ́n ń pè mí ti yí padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ náà, èmi àti Oníkámẹ́rà, ọ̀rẹ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lọ dán an wò nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Gbọ̀ngàn ṣófo. Àbúrò mi dúró lórí pèpéle nínú búláòsì àti síkẹ́ẹ̀tì tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ka ọ̀rọ̀ tó máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí á lè mọ̀ bí ohùn ṣe ń wọlé. Àwòrán náà mọ́ kedere nínú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbà á sílẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, bí a ti máa ń ṣe, kí n lè fi wá àṣìṣe.

Oníkámẹ́rà ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká so tiransímítà yìí mọ́ òpó, kó ga ju orí èèyàn lọ. Gbọ̀ngàn ṣófo lónìí ni. Tí èèyàn bá kún un lọ́la, ara wọn ò ní jẹ́ kí àwòrán kọjá.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Àṣìṣe tí mo máa ń bá ẹ̀yin wí lé lórí títí ojú yín á fi pọ́n nìyẹn, ẹ ò sì mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Mo ní òpó á ba ẹwà pèpéle jẹ́. Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Ìdí ni pé mo ti pe ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì kan pé kó wá dúró ní yàrá ìyá mi, kó wo bí iṣẹ́ mi ṣe mọ́ tó, bóyá ó lè gbé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mi. Ìyá mi fẹ́ rí ọmọ wọn. Èmi fẹ́ rí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, ìyá mi ti jí fọwọ́ ara wọn ya irun, wọ́n ti nu awò ojú wọn, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Oníkámẹ́rà wà ní gbọ̀ngàn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá ìyá mi, ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì fara ti ẹnu ọ̀nà. Àwòrán wọlé. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, ìyá mi ní, “Ṣé òun nìyẹn?” Mo ní, “Rárá, ìyá, olótùú ètò nìyẹn.” Èèyàn ń wọ gbọ̀ngàn, àwòrán ń já wẹ́wẹ́. Wọ́n tún ń wọlé. Ó já pátápátá, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ìyá mi ní, “Ṣé ó ti parí ni?” Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì wúkọ́, ó ní, “Aláìníwáyà, ó jọ pé wáyà ló ń wá.” Ká ní mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀ ni, ká ní mo sọ pé àwòrán já, ẹ fún mi láyè díẹ̀, kò sí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù mi wà lára tẹlifíṣọ̀n yẹn kan náà. Mo tẹ bọ́tìnnì rìmóòtù ọwọ́ mi, mo gbé àwòrán àná jáde.

Àbúrò mi yọ lórí pèpéle nínú búláòsì iṣẹ́. Òun nìkan ni kámẹ́rà dojú kọ, kò sẹ́ni tó lè rí i pé àga ṣófo níwájú rẹ̀. Mo ní, “Ó ti padà.” Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ní ó tiẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo lè sọ fún yín pé mi ò rántí aṣọ ní ìṣẹ́jú yẹn. Irọ́ ni. Mo rántí. Mo rò pé ìṣẹ́jú kan péré ni, pé tí ti òótọ́ bá ti padà, màá dá a padà kí wọ́n tó fura. Ìyá mi tẹ̀ síwájú lórí ìrọ̀rí, wọ́n ń wo ọrùn aṣọ, wọ́n ń wo apá, wọn ò gbọ́ ohun tí ọmọ wọn ń sọ rárá.

Fóònù mi dún. Oníkámẹ́rà ni. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti gun àga, mo ti gbé tiransímítà sókè, ó ti ń lọ dáadáa. Àbúrò yín ti bọ́ síwájú báyìí. Aṣọ tuntun ló wọ̀ o, aláwọ̀ ewé.” Àtàǹpàkò mi wà lórí bọ́tìnnì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, obìnrin tó wọ búláòsì á di obìnrin tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé kí ojú tó ṣẹ́. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé mo ti tan òun jẹ, ìyá mi náà á mọ̀. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún Oníkámẹ́rà pé ó dáa, mo pa fóònù, mo sì gbé rìmóòtù sílẹ̀ lórí tábìlì.

Nígbà tí ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì bọ̀ mí lọ́wọ́ tó lọ, ìyá mi bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Kò wọ̀ ọ́.” Mo ń retí kí wọ́n bínú, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ líle bíi tàtijọ́, ì bá rọrùn fún mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Apá rẹ̀ ló máa fún un. Ìwọ̀n ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ mi ni mo fi gé e, ó sì yẹ kí n ti mọ̀ pé ara rẹ̀ á ti yí padà. Bá mi gbà á wá, kí n tú apá yẹn, kí n fẹ̀ ẹ́.” Wọ́n ní kí n bá àwọn wá àlùmọ́gàjí tó mú.

Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù pé mo fẹ́ wá àlùmọ́gàjí nígbà tí mo pàdé àbúrò mi nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ti sáré sọdá títì, òógùn bo ojú rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n rí mi?” Mo ní, “Wọ́n rí ọ.” Ó ní òun fẹ́ gòkè. Èyí tó burú jù nìyí, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo na ọwọ́ dí àtẹ̀gùn. Mo ní, “Ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti sùn. Máa bọ̀ lọ́la.” Ó wo òkè, ó wò mí, ó ní, “Ẹ bá mi kí wọn.” Nígbà tí mo padà wọ yàrá, ìyá mi ní, “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Mo ní, “Oníbàárà ni, ìyá.” Mo ti rò ó pé lọ́la, àbúrò mi á wá nínú aṣọ mìíràn, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, á sì tán síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ò jí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi jókòó tì mí, ó ní, “Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n rí aṣọ náà?” Mo ní, “Wọ́n ní ó bá ọ mu.” Ó sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Látìgbà náà, kò sí ọdún tí kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn fáwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Oníkámẹ́rà rí i nínú láptọ́ọ̀pù mi lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ náà pé àwòrán ìdánwò ni mo gbé jáde, ó mọ ohun tí mo ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò ní kọjá ẹnu wa.” Òun ló gbé ìtàn dídùn náà jáde, iṣẹ́ sì ń wọlé fún àwa méjèèjì. Nígbà tí àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀ dé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ sọ fún àbúrò yín. Èmi ò lè gbé ẹrù tèmi nínú irọ́ yìí lọ.”

Mo ti sọ fún un kí n tó wá sọ fún yín. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wọ yàrá, ó gbé aṣọ náà jáde, ó sì yí apá rẹ̀ síta fún mi wò. Ojú rírán ti ya lábẹ́ abíyá. Ó ní, “Ó fún mi lóòótọ́. Ìgbà tí mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà láti kí ìyá wa ló ya.” Lẹ́yìn náà, ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ. Kò tíì ránṣẹ́ pè mí, mi ò sì lẹ́jọ́ láti rò bí kò bá pè mí mọ́ láéláé. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Ojú rere tí o fẹ́ rí lójú ìyá wa, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, mi ò sì ní ohun tí mo lè fi dípò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yé sọ ìtàn yẹn nípa mi. Bí ẹ bá fẹ́ rántí ohun kan tí mo kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí ojú tì yín níwájú oníbàárà, kí ìtìjú náà sì tán níbẹ̀. Bí àwòrán bá já, ẹ sọ pé ó já.